Mo ní bẹ́líìtì dúdú, àmọ́ akànṣẹ́ kò jẹ́ kí imú mi sinmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kọ́ kárátè, mo sì ti gba bẹ́líìtì dúdú. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ jọ dán ara wa wò. Kò tíì pé ọdún méjì tó bẹ̀rẹ̀. N kò rí ìpá kan ta tó bà á dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Ṣé ẹ̀kọ́ mi kò wúlò ni? Báwo ni ẹni tó kọ́ ìjà àbáláyé ṣe lè kojú akànṣẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí, mo sì mọ bó ṣe ń dun ni. Ẹ̀kọ́ rẹ wúlò. Inú ilé ọ̀rẹ́ rẹ lo ti lọ bá a jà, ìyẹn ló fà á. Ibi tí ọwọ́ ti ń tó ojú ni ilé akànṣẹ́, ibẹ̀ ló ń gbé lójoojúmọ́. Tí o bá sún sẹ́yìn débi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló lè tó ara, àlejò ni níbẹ̀. Tí o bá sún mọ́ ọn débi tí àyà ti kan àyà, àlejò náà ni. Ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yìí ni kí o máa wà. Àárín ni kí o má pẹ́ sí.

Òfin ló sọ akànṣẹ́ di àlejò níbi ìsomọ́ra. Nínú òfin Queensberry tó jáde ní 1867, wọ́n fòfin de ìjàkadì àti dídi ara ẹni mú nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Kó tó dìgbà náà, àwọn akànṣẹ́ máa ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Lóde òní, bí àwọn méjì bá ti so mọ́ra, rẹfirí á là wọ́n. Ó ti wá mọ́ akànṣẹ́ lára láti fi ìsomọ́ra sinmi, kó máa retí ẹni tó máa là wọ́n. Ìwọ má sinmi ní tìrẹ.

Kí n tó lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ. Nínú ìdíje Kyokushin, tó jẹ́ ẹ̀yà kárátè kan, ẹ̀ṣẹ́ kò gbọdọ̀ kan ojú. Nínú táíkwọ́ńdò ti Òlíńpíìkì, ẹsẹ̀ lè kan orí, ẹ̀ṣẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Nínú kárátè tí wọ́n ń ka máàkì sí, bí ẹ̀ṣẹ́ kan bá ti wọlé, wọ́n á dá ìjà dúró. Ẹni tó bá dàgbà sínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lè má tíì pàdé ẹ̀ṣẹ́ kẹta rí. Akànṣẹ́ sì rèé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ló fẹ́ fi mú ọ balẹ̀. Ó kàn fi ń wọn ọ̀nà ni. Ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin ló ní iṣẹ́ nínú.

Lọ dúró níwájú dígí kí o ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wo ọwọ́ òsì: ó ti padà sí ìbàdí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì àgbọ̀n rẹ sì wà ní gbangba. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tó ń padà sí ìbàdí nínú kátà, ìyẹn àwọn ìṣísẹ̀ tí a máa ń dá ṣe láìsí alátakò, ó di nǹkan mú ni: apá alátakò ló gbá mú, tó ń fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí o kò bá di nǹkan kan mú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ọwọ́ náà padà sí.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Fi ìpá orí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni wàá dúró lé, òun á kàn fi orí sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni kí o máa wò. Bó bá ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ tó lágbára, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wà lórí ẹsẹ̀ yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní lè yára gbé e. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ojúgun rẹ balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìta itan rẹ̀, lókè orúnkún díẹ̀. Bó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á ti máa rọ̀, torí ilẹ̀ ni agbára ẹ̀ṣẹ́ ti ń gòkè wá. Ní June 26, 1976, Antonio Inoki, oníjàkadì ará Japan, fẹ̀yìn lélẹ̀ ní Tokyo, ó ń ta Muhammad Ali nípàá lẹ́sẹ̀ fún ráùndì 15. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ali bàjẹ́ débi tó fi dé ilé ìwòsàn. N kò ní kí o lọ dùbúlẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ohun tí ìpá itan lè ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó ti Ali.

Ìpá iwájú sí ikùn náà dára, ó ń dá a dúró kó tó wọlé. Lyoto Machida, tó fi kárátè Shotokan gba ipò àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀ ní 2009 nínú UFC, ìdíje tí ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì ti jọ wà, ọ̀nà jíjìn ni gbogbo ìjà rẹ̀. Á dúró níbi tí ọwọ́ kò tó o, á já wọlé lẹ́ẹ̀kan, á sì tún jáde.

Bó bá wá ká ọ mọ́, má ṣe sá sẹ́yìn tààrà, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń lé èèyàn bá. Fi apá méjèèjì bo orí, wọlé sí i, tẹ iwájú orí rẹ mọ́ èjìká rẹ̀, gbá apá rẹ̀ mú, kí o fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ní August 2010, James Toney tó ti gba àmì ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bá Randy Couture, oníjàkadì ẹni ọdún 47, jà nínú UFC ní Boston. Couture bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e ṣubú, ó sì fún un lọ́rùn. Ráùndì àkọ́kọ́ kò parí tí Toney fi gbà fún un.

Gbogbo èyí kò ní wọ̀ ọ́ lára tí o bá ń ṣe kátà nìkan. Bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kó wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó máa ju ẹ̀ṣẹ́ iwájú nìkan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwọ má lù ú padà rárá, yẹra nìkan kí o má sì di ojú. Lẹ́yìn náà ni kí o fi ìpá itan kún un, kí òun náà fi ọwọ́ kejì kún un. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ohun tó ń dáàbò bo eyín, kí ẹ má sì ta ìpá sí orúnkún gan-an, torí iṣan ibẹ̀ kì í tètè san. Bí orí bá ń fọ́ ọ lẹ́yìn ìdárayá, tí ojú ń ṣe bàìbàì tàbí tí èébì ń gbé ọ, dáwọ́ dúró kí o lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ṣì ń gbà wọlé fún mi.