Táíwò ń ṣe ibà, Kẹ́hìndé ò ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́ta. Ibà ti gbé Táíwò dé ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tiẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ti Kẹ́hìndé kì í ju kí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò jínótáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ téèyàn jogún, fi hàn pé Táíwò jẹ́ AA, Kẹ́hìndé jẹ́ AS bíi tèmi. Ìyá ọkọ mi ní Kẹ́hìndé ló ń lo agbára ìkejì rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn kan ṣoṣo la ní, mo sì tún ti lóyún. Ṣé kí n fi àwọ̀n náà sílẹ̀ fún Táíwò nìkan? (Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi fi sùúrù sọ fún ìyá wa pé Kẹ́hìndé ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìkejì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó jogún lára ẹ̀yin òbí rẹ̀ ló ń gbè é.

Bí ẹ̀fọn bá jẹ wọ́n, àwọn méjèèjì ni kòkòrò ibà lè wọ̀ lára. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ti ń bí sí i. Lára ọmọ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò bá wọ̀ máa ń tètè tẹ̀ bíi dòjé, ara á sì kó o dànù kí kòkòrò tó gbilẹ̀. Ìbàdàn níbí ni dókítà Lucio Luzzatto àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tó fi èyí hàn lọ́dún 1970. Dókítà mìíràn, Anthony Allison, ti kọ ọ́ ṣáájú, lọ́dún 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pé AS ń gbani lọ́wọ́ ibà. Nígbà tí kò sí oògùn, àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń yè, tí wọ́n ń dàgbà bímọ. Ìdí nìyẹn tí AS fi pọ̀ láàárín wa tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ibà líle tó ń pa ọmọ ni AS ń dènà jù. Kẹ́hìndé ṣì lè ṣe ibà. Ẹ má yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àwọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, torí ibà a máa ṣe oyún léṣe. Ẹ béèrè òmíràn níbi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú aboyún. Wọ́n sábà máa ń pín in níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ò kọ ló ká mi lára jù: kí ni jínótáìpù ọkọ yín? Táíwò tó jẹ́ AA ò ní ká fọkàn balẹ̀. Bí ọkọ yín bá jẹ́ AS, ó ṣeé ṣe, ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ọmọ inú yín jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ dòjé. Ní wọ́ọ̀dù ọmọdé tí mo ti ṣiṣẹ́, mo pàdé àwọn ìyá tó gbà pé ọmọ SS kì í ṣe ibà. Irọ́ gbáà ni! Ibà a máa yára gba ẹ̀mí ọmọ SS ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ AS tàbí AC (òun náà lè bá AS bí ọmọ tó ní irú àrùn dòjé), kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò gbàrà tí ẹ bá bí i, kí dókítà lè tètè fún un ní oògùn tó ń dènà ibà bó bá nílò rẹ̀.