Má tíì fọwọ́ kan síìtì yẹn

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ọkọ̀ kékeré ni ò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.6, ìwé rẹ̀ sì sọ pé ó wúwo tó kílò 1,200. O fẹ́ kó máa gbéra kíákíá, kí epo tó ń mu sì dín kù, láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. O wá ní orí síìtì lo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: kí o tú ti ẹ̀yìn kúrò, kí o sì fi síìtì ọkọ̀ eré ìje tó fúyẹ́ rọ́pò méjèèjì tó wà níwájú. O ń béèrè bóyá èrè ibẹ̀ tó wàhálà ibẹ̀.

Kò tó o. Síìtì ló yẹ kó gbẹ̀yìn, bí o bá tilẹ̀ máa dé ìdí rẹ̀ rárá. Ohun tí ojú mi rí nídìí síìtì, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí.

Jẹ́ kí n sáré mẹ́nu ba èyí tó rọrùn ná. Kó gbogbo ẹrù tí o kì í lò kúrò nínú búùtù. Tú irin agbẹ́rù orí òrùlé. Fẹ́ táyà dé iye tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. O ti mọ ìwọ̀nyí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Àmọ́ má fojú kéré ohun tó bá wà lórí òrùlé, torí atẹ́gùn tó ń dojú kọ ọ́ ń jẹ epo ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ wọn pé àpótí ẹrù ńlá tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ó bá wà lórí òrùlé, lè gba ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún lára ọ̀nà tí epo ń gbé ọ dé, bí o bá ń sáré máìlì 65 sí 75 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí síìtì tí o lè tú tí èrè rẹ̀ máa sún mọ́ ìyẹn.

Àwọn kan náà ló sọ pé bí a bá fi pọ́ùn 100, ìyẹn nǹkan bíi kílò 45, kún ẹrù ọkọ̀, ibi tí epo ń gbé ọ dé máa fi nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, pé ọkọ̀ kékeré ló sì máa ń mọ̀ ọ́n lára jù. Fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí o bá ń ka ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń pariwo pé bí ìwúwo ọkọ̀ bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, epo máa fi ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ṣeé ṣọ́ sí i. Wọn kì í fi kún un pé kí èrè yẹn tó lè pé, ẹ́ńjìnnì àti gíà náà ní láti kéré mọ́ ọkọ̀ tó fúyẹ́ yẹn. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ tuntun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o fẹ́ fi sípánà tú nǹkan nínú ọgbà ilé rẹ ò lè ṣe é.

O dárúkọ Colin Chapman àti Lotus, iléeṣẹ́ ọkọ̀ eré ìje tó dá sílẹ̀. Òótọ́ ni, Lotus 7 tó jáde ní 1957 kò ju nǹkan bíi kílò 500 lọ. Àmọ́ orí ìwé àwòrán ni ọkùnrin yẹn ti mú ọkọ̀ fúyẹ́. Nígbà tó ṣe Lotus 25 ní 1962, ó yọ férémù onípáìpù kúrò, ó jẹ́ kí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ di egungun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ford F-150 ti 2015, ọkọ̀ akẹ́rù pick-up, tó fi pọ́ùn tó tó 700 fúyẹ́ sí i: wọ́n pààrọ̀ irin ara rẹ̀ sí alumíníọ́mù láti iléeṣẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tú síìtì dànù kó wá pè é ní ọgbọ́n.

Ó yá, ọ̀rọ̀ síìtì. Ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ eré ìje ṣe ni wọ́n júwe fún mi. Ògbógi ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó gbé síìtì mi sórí òṣùwọ̀n níṣojú mi, kílò 23. Ó gbé tirẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe lé e, kò pé 8. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Kíá la máa parí ẹ̀." Ohun tí kò sọ ni ohun tó wà lábẹ́ síìtì.

Bí o bá ti síìtì ọkọ̀ òde òní sẹ́yìn, tí o tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀, wàá rí wáyà kan tí pọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Wáyà airbag nìyẹn, báàgì tó máa ń fẹ́ jáde lójijì láti gba ènìyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Airbag ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń wà nínú ẹ̀yìn síìtì gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ kan tún wà níbi tí a ti ń ki bẹ́líìtì bọ̀, òun ló ń fa bẹ́líìtì le mọ́ ènìyàn láyà bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ohun abúgbàù ló wà nínú àwọn méjèèjì. Lábẹ́ tìmùtìmù síìtì èrò iwájú, ẹ̀rọ kan tún wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá ènìyàn jókòó síbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí, kó tó fọwọ́ kan pọ́ọ̀gì yẹn, torí kọ̀ǹpútà airbag máa ń tọ́jú iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kúrò. Ògbógi ò tú bátìrì. Rédíò ọkọ̀ ṣì ń kọrin nígbà tó fa pọ́ọ̀gì yẹn já.

Iná airbag tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò kú mọ́. Mo padà lọ bá a. Ó ki resistor kan, ohun kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́, bọ ẹnu pọ́ọ̀gì, ó fi téèpù dúdú wé e. Nǹkan náà kò tó èékánná ọmọdé, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé airbag ṣì wà níbẹ̀. Iná kú, ó gba owó rẹ̀, ó di ó dìgbà.

Nígbà tí àsìkò ayẹ̀wò ọkọ̀ dé ni wàhálà wá sọ̀ kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wò ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó rí irin tí wọ́n fi de ibi ìkì bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, nítorí pé ara férémù síìtì àtijọ́ ni bẹ́líìtì wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n mú ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ wá tó máa fi hàn pé irin náà ò ní já bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Mo wá onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó gbowó, ó lu òǹtẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síìtì. Mo gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ àwọn ayẹ̀wò, ẹlòmíì ló wà lórí àga. Ìyẹn ní ìwé náà ò sọ nǹkan kan nípa ìdánwò agbára, ó tún ní síìtì ẹ̀yìn tí kò sí mọ́ ti sọ ọkọ̀ di ti ẹni méjì, kí n lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe kí n tó padà wá. Mo dé ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè yí nǹkan kan padà láìrí ìwé ayẹ̀wò. Àwọn ayẹ̀wò ní àwọn ò lè yẹ̀ ẹ́ wò láìrí ìwé tuntun. Ọkọ̀ jókòó sílé, èmi ń wọ ọkọ̀ èrò kiri. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè ṣí òfin tó ń pè hàn mí. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, tọ̀túntòsì ò bára mu, bí mo bá sì béèrè, ìbínú ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lórí ìyẹn, iléeṣẹ́ adójútòfò kọ̀wé pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú síìtì yẹn, àwọn ò ní san nǹkan kan. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n kúkú dá síìtì àtijọ́ padà. Mo dé ọ̀dọ̀ ògbógi. Ó ti tà wọ́n! Ó ní òun rò pé mi ò nílò wọn mọ́. Ìrìn-àjò míì tún bẹ̀rẹ̀, torí síìtì ọkọ̀ kan náà kì í bára mu láti ọdún dé ọdún. Pọ́ọ̀gì lè yàtọ̀, airbag inú rẹ̀ lè yàtọ̀, kọ̀ǹpútà á sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó wá yọ resistor yẹn, tó bá mi so ohun gbogbo pọ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò pè ní ògbógi ni.

Gbogbo ohun tí a yọ, tiwájú tẹ̀yìn, kò wúwo tó àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Tìtorí ìyẹn ni.

Níbi tí èrè wà gan-an, ríìmù ni. Ríìmù àti táyà ń yí, wọ́n sì ń lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kílò kan létí ríìmù ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ ju kílò kan nínú búùtù lọ nígbà tí o bá ń gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó méjì. Ṣọ́ọ̀kì náà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i bí ohun tó so mọ́ ọn nísàlẹ̀ bá fúyẹ́. Má ra èyí tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí ẹwà, ó sábà máa ń wúwo jù. Wo iye ẹrù tí wọ́n kọ sí inú ríìmù pé ó lè gbé. Ríìmù ayédèrú máa ń sán, kì í sì í sọ fún ọ tẹ́lẹ̀.

Bátìrì náà dára. Ti lẹ́ẹ̀dì sábà máa ń tó kílò 15 sí 20, ti lithium tó bá a dọ́gba lè má ju 5 tàbí 6 lọ. Àmọ́ rí i pé àwọn tó ṣe é kọ ọ́ pé ó bá alternator ọkọ̀ rẹ, ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì, mu, bí o bá sì wà níbi tí òtútù ti ń mú omi di yìnyín, bátìrì lithium tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba iná láìsí ohun tó ń dáàbò bò ó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o yọ irin tó wà nínú ilẹ̀kùn tàbí lẹ́yìn bọ́ńpà, sá fún un. Irin yẹn ló máa gbà ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ míì bá gbá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, níwájú tàbí lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti catalytic converter, ohun tó ń dín oró inú èéfín ọkọ̀ kù. Yíyọ rẹ̀ lòdì sófin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwúwo rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àwọn tó ń fi yìnyín gbígbẹ (gáàsì carbon dioxide tó dì) họ ọ̀dà adínariwo kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, torí ó tutù dé ìwọ̀n -78 Celsius, ọ̀dà á sì gan débi pé bí o bá fi hámà lù ú díẹ̀, á fọ́ kúrò. Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ o. Gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ lè pa ènìyàn nínú ọkọ̀ tó tì pa, kò sì ní òórùn tí wàá fi mọ̀.

Epo inú táǹkì náà wúwo, lítà kan tó nǹkan bíi kílò 0.75. Ìlàjì táǹkì ti lítà 50 fi nǹkan bíi kílò 19 fúyẹ́ ju èyí tó kún lọ. Má wá jẹ́ kó gbẹ tán, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, epo yẹn ló ń mú kí pọ́ńpù inú táǹkì tutù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé o béèrè nípa eré. Ìwúwo tí o bá yọ, ìgbà tí o bá ń gbéra, tí o bá ń gòkè, àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lo máa mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo ìgbà tí o bá tẹ bíréèkì, agbára tí o fi epo rà ń di ooru lára bíréèkì ni. Lójú ọ̀nà tó lọ gbọrọgbọ, atẹ́gùn ló ń bá ọ jà: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdíwọ́ atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin, kò sì kàn án bóyá o yọ síìtì. Nítorí náà, eré tí ọkọ̀ rẹ lè sá dé òpin ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Kí o tó yọ ohunkóhun lẹ́yìn, rántí bíréèkì. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́ jù, táyà ẹ̀yìn ò ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tí o bá tẹ bíréèkì lójijì, pàápàá nínú òjò. Nítorí náà, wá ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ńlá, gbé tìrẹ sórí òṣùwọ̀n ní ìlàjì táǹkì, láìsí èrò, kí o wọn iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Kọ iye méjèèjì síbí pẹ̀lú ìwọ̀n ríìmù rẹ àti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, màá wá sọ ríìmù tó yẹ kí o wá.