Ṣé Ádámù ló kó mi sí i?

Ẹ kọ̀wé sí wa pé ẹ ti níyàwó nílé, àmọ́ ẹ̀yin àti obìnrin kan tí ẹ fẹ́ nígbà kan rí tún ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ síra yín lóru. Ẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù lẹ jogún, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Ẹ wá ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé àtijọ́ àwọn Júù wí.

Arákùnrin wa, ohùn wọn ò ṣọ̀kan. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́dún 70, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ́sírà Kẹrin ké pe Ádámù pé ìṣubú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, tiwa náà ni. Ìwé mìíràn, Bárúkù Kejì, ní tirẹ̀ sọ pé kálukú wa ni Ádámù ara rẹ̀. Bárúkù yìí ni kẹ́ ẹ gbọ́.

Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, ń pe ohun tó ń tì yín yìí ní yetzer hara, ọkàn tó ń fani síbi. Síbẹ̀ wọ́n ní bí kò bá sí i, ẹnikẹ́ni ì bá má kọ́lé, ì bá má gbéyàwó, ì bá má ṣòwò. Talmud, ìwé ńlá ẹ̀kọ́ àwọn rábì, ní wọ́n ti ọkàn yìí mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wá ẹyin tuntun ká gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì, wọn ò rí ẹyọ kan, torí láìsí i, adìyẹ pàápàá ò yé ẹyin mọ́. Nítorí náà, ẹ má gbàdúrà kó kú. Ọ̀nà tó ń gbà ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Wọ́n ní ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, a wá di okùn tí wọ́n fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó ń kọjá lọ ni, ó yà bí àlejò, ó wá di baálé. Ẹ wo fóònù yín: "ó tọ́jọ́ mẹ́ta" lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní báyìí ẹ ń pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ kí ìyàwó tó jí. Àlejò ti ń tẹ́ ẹní nìyẹn.

Rábì kan, Shimon ben Lakish, fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin lélẹ̀, èyí tó bá ti ṣẹ́gun, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ gbé ọkàn rere dìde sí ti búburú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kẹ́kọ̀ọ́ Tórà, òfin Mósè. Bó bá tún kọ̀, ẹ ka Ṣémà, àdúrà "Gbọ́, Ísírẹ́lì." Ìrántí ọjọ́ ikú ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ti ikú bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rù á bà wọ́n lóru, ilẹ̀ á mọ́, ẹ̀rù á lọ.

Lálẹ́ òní, ẹ dágbére fún obìnrin náà, ẹ dí nọ́ńbà rẹ̀, kí fóònù sùn sí pálọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ìyàwó yín. Míṣínà, àkójọ òfin àwọn rábì, sọ pé Ọjọ́ Ètùtù kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ tù ú nínú.