Fún ẹni tó ń béèrè bóyá páìpù gíláàsì olómi tó wọ́n tó owó rẹ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. Páìpù olómi méjì lo rí, irú èyí tí èéfín tábà ń gba inú omi kọjá kó tó dé ẹnu. Ọ̀kan kò ní ju ọ̀pá kan lọ nínú. Èkejì nípọn, ó ní yàrá mẹ́ta, iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé ojúlówó borosilicate ni, ìyẹn gíláàsì tó ń fara da ooru. O fẹ́ mọ̀ bóyá kí o san owó náà. Màá dá ọ lóhùn, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, torí irú ìbúra yẹn gan-an ni wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ mi.

Èyí tí mo rà nípọn débi pé ó ń wúwo lọ́wọ́. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, mo gbé e kalẹ̀ kó gbẹ. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Yàrá kejì ni mo wà tí mo fi gbọ́ "pàá!" Nígbà tí n óò fi débẹ̀, ó ti sán yíká ibi tí ọ̀pá ti wọnú ara rẹ̀, ó sì sán láti ibẹ̀ wálẹ̀ dé ìdí.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní mo jù ú nílẹ̀ ni. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ní kí n lọ bá àwọn tó gbé e wá. Àwọn yẹn ní páálí ò fọ́, nítorí náà ohun tó wà nínú rẹ̀ ò lè fọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní kí n kún fọ́ọ̀mù. Mo kún un tán, wọ́n ní fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni. Ta ló fi í ránṣẹ́ sí mi? Àwọn náà ni! Wọ́n wá pe ọ̀gá kan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa gíláàsì. Kò fojú kan páìpù yìí rí, fọ́tò ló wò, ohun tó kọ ò sì ju pé "gíláàsì a máa fọ́" lọ. Ẹnì kan ń gbowó iṣẹ́ lórí gbólóhùn yẹn o.

Ìbínú ló jẹ́ kí n gbé èérún rẹ̀ sínú ife òróró ìdáná tó mọ́. Bí borosilicate ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ (1.47) fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti òróró mu, nítorí náà etí rẹ̀ máa ń pòórá nínú òróró. Gíláàsì ìgò lásán tó nǹkan bí 1.52, kì í pòórá. Mo ti ọ̀pá gíláàsì ilé àyẹ̀wò kan bọ̀ ọ́ kí n lè fi wé e: apá tó rì wọlé ò ṣeé rí mọ́. Èérún tèmi dúró gbangba nídìí ife, ó ń wò mí. Mo ká a ní fídíò, mo fi ránṣẹ́. Èsì wọn ni pé òróró kì í ṣe àyẹ̀wò tí àwọn fọwọ́ sí.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà lásán. Otto Schott ló gbé irú gíláàsì yìí jáde ní Jámánì ní ìparí ọ̀rúndún 19. Tí iná bá kàn án, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti gíláàsì lásán. Àmọ́ ojúlówó borosilicate náà ń sán tí wọn ò bá fún un ní ìsinmi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi iná jó àwọn apá rẹ̀ mọ́ra wọn, ó yẹ kó wọ ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 560°C, kó sì tutù wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń fa ara rẹ̀ ya láti inú, títí ọjọ́ tí yóò fi pín. Ààrò ń jẹ àkókò, ó ń jẹ iná, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fò ó. Ibẹ̀ ni owó rẹ ń lọ, kì í ṣe nínú nínípọn. Kódà, bó bá ṣe nípọn tó ni inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi gbóná lẹ́ẹ̀kan náà.

O lè wò ó fúnra rẹ. Ṣí ojú ìwé funfun lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó jẹ́ LCD, wọ awò oòrùn tó jẹ́ polarized, kí o yí awò náà títí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi ṣú. Gbé páìpù sáàárín. Èyí tí ààrò ti tọ́jú máa ń ṣú bíi ti ojú kọ̀ǹpútà náà. Tí àwọ̀ òṣùmàrè bá tàn yòò yíká ibi tí wọ́n ti fi iná jó apá kan mọ́ èkejì, má rà á. Ìyókù, bí ìdí ṣe fẹ̀ tó, bóyá ẹnu rẹ̀ jẹ́ 14 tàbí 18 mìlímítà, ìwọ náà mọ ìyẹn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlera gba owó lọ́wọ́ rẹ. Omi ń mú èéfín tutù, kò yọ májèlé inú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, gáàsì olóró inú èéfín, ń gba inú omi kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ lórí tábà olómi láti ọdún 2005, ọlọ́jà ṣì ń kọ "èéfín mímọ́" sára páálí.

Sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ àti iyọ̀ oníhóró ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Jìnnà sí iná nígbà yẹn, kí o sì ṣan án dáadáa. Àwọ̀ tí wọ́n kùn sí ẹ̀yìn yóò bá sípíríìtì lọ. Èyí tó wà nínú gíláàsì fúnra rẹ̀ kò ní lọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè rẹ. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibòmíràn tí wọ́n ti fi iná jó gíláàsì mọ́ra, ibòmíràn tó lè sán, ibòmíràn tí ọ̀dà tábà ń sá sí tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Èmi á ra èyí tó ní ọ̀pá kan ṣoṣo, tó bá ti la ojú kọ̀ǹpútà kọjá, tí ọ̀pá náà sì ṣeé yọ kí o lè ra òmíràn sí i. Tí ọkàn rẹ bá ṣì wà lára oníyàrá mẹ́ta, sọ fún ọlọ́jà pé o fẹ́ fi awò wò ó kó tó gba owó. Tó bá kọ̀, fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e wá sílé, kí fóònù ti máa ká fídíò kí o tó fi ọ̀bẹ kan páálí, kí o má dá a dúró láàárín, kí nọ́ńbà ara páálí sì hàn nínú rẹ̀.