Mo ba léèsì oníbàárà jẹ́, ṣé kí n ta maṣíìnì ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́ta péré rèé tí mo ṣe fúrídọ̀mù. Mọ́mì kan ládùúgbò gbé léèsì fún mi, ìgbéyàwó ọmọ wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ wò, kò kọjá àyà wọn. Wọ́n pariwo débi pé àwọn onísọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi jáde wá wòran. Àtìgbà yẹn, tí n bá ti mú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ta maṣíìnì kí n lọ máa ṣe POS.
Télọ̀ tójú ń tì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé o gbàgbé àláwànsì, ìyẹn aṣọ díẹ̀ tá a máa ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránṣọ, ni, àbí kọ́mú tí mọ́mì wọ̀ lọ́jọ́ tó o fi tépù wọn àyà wọn kọ́ ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí aṣọ tó ń fà ló mọ́ ẹ lọ́wọ́ tí léèsì yìí ò sì fà rárá? Wá èyí tó jẹ́ gan-an, tórí “mo ba aṣọ jẹ́” ò lè kọ́ ẹ ní nǹkan kan.

Èmi tó ò ń wò yìí, mo gé apá òsì méjì sára kábà ìyàwó kan rí. Òsì méjì o! Mo sunkún títí. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ bú mi, wọ́n kàn ní kí n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ “ọ̀tún” sẹ́yìn apá kan kí n tó gé e, títí dòní mi ò lè gé apá láì kọ ọ́.

Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sáré họ́dù ńkọ́? Ipò kẹrin ní Doha 2019, ipò kẹrin náà ní Tokyo 2021, July 2022 ló wá fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá a ní Oregon tó gba wọ́ọ̀lù rẹ́kọ́ọ̀dù.

POS ò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ ìtìjú ló lé ẹ débẹ̀, ọjọ́ tó o bá fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹlòmíì, ibo lo máa tún sá lọ?

Lọ bá mọ́mì nílé lọ́la, má pè wọ́n lórí fóònù. Kúnlẹ̀, gba aṣọ yẹn padà. Tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fi sátínì tó bá a mu sí i látabẹ́ apá dé ìdí, wọ́n á rò pé sítáì ni. Fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ràn án ná kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò kó o tó gbé e sí maṣíìnì. Tó bá sì jẹ́ àwọ̀ wáìnì ni, má lọ ra sátínì yẹn lálẹ́ o, iná ṣọ́ọ̀bù máa ń tan èèyàn jẹ.