Ọmọ Mi Kò Fẹ́ Sáré Mọ́, Ṣé Kí N Fipá Mú Un?

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 13. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn eré sísá, 100 mítà gan-an ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù rẹ̀, gbogbo ọjọ́ ìgbáradì ni inú ń run ún. Kóòṣì rẹ̀ sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó ti ń sanra jù. Bàbá rẹ̀ ní kí n fipá mú un lọ. Kí ni kí n ṣe? Èmi, Ìyá Olùsáré."

Ìyá Olùsáré, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má fipá mú un, ẹ má sì tíì gbà pé eré sísá ti sú u. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ara ọmọ yìí yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í ṣàlàyé.

Lásìkò ìbàlágà, ọmọbìnrin lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ga sí i láàárín ọdún kan. Ìbàdí á fẹ̀, ọ̀rá á pọ̀ sí i lára; bí ara obìnrin ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ó lè máa kọsẹ̀, eré rẹ̀ sì lè falẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ara tuntun ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò.

Ẹyin lohùn, ti kóòṣì yìí sì ti fọ́ mọ́ ọmọ lára. Ẹ lọ bá a, kí ọmọ má sí níbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dárúkọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọmọ tó bá torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ febi pa ara rẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ ò sì ní le bó ṣe yẹ. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò rí i, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmú, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló ń tijú rẹ̀. Ọmú tí nǹkan kò dì mú dáadáa máa ń mì sókè sódò téèyàn bá ń sáré. Ó ń dùn, ọmọ sì ń rò pé òun ni gbogbo ayé ń wò. Ẹ ra kọ́mú eré ìdárayá fún un. Kó wọ̀ ọ́, kó fò sókè níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, torí ara ṣì ń dàgbà.

Ẹ wo aṣọ eré rẹ̀ náà. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ England pa ṣòkòtò péńpé funfun tì, wọ́n mú búlúù, torí nǹkan oṣù. Lọ́dún kan náà ni ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí àwọn obìnrin wọ ṣòkòtò dúdú sábẹ́ aṣọ funfun. Bí àwọn àgbà bá ń bẹ̀rù àbàwọ́n, ọmọ ọdún 13 ńkọ́?

Ní ti inú rírun, omi gbígbóná nínú ike lórí ikùn máa ń dẹ̀ ẹ́, eré díẹ̀ náà sì máa ń ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dá a dùbúlẹ̀, tàbí tí páàdì ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, ti dókítà ni.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá jọ ń ṣiṣẹ́ ilé, ẹ bi í pé, "Kí ni ká yí padà kí ọ̀rọ̀ eré yìí lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bó bá ní bọ́ọ̀lù tàbí ijó ló wu òun báyìí, ẹ gbà fún un. Kí bàbá rẹ̀ náà yéé bi í pé ipò kelòó ló ṣe. Kó bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀.

Ẹ kọ̀wé padà sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ èsì tó fún yín.