Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín ṣóńṣó ẹnu ọmọ yẹn

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 5, eyín 4 péré ló ní, gbogbo wọn rí ṣóńṣó. Irun orí rẹ̀ fọ́nka, ara rẹ̀ sì máa ń gbóná lọ́sàn-án. Bàbá kan tó ń yọ eyín lọ́jà ní àwọn eyín yìí ló dí ìyókù lọ́nà, kí n jẹ́ kí òun yọ wọ́n. Èló ni wọ́n ń gbin eyín fún ọmọdé? (Ìyá kan, Ìjerò-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín kankan lẹ́nu ọmọ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dáhùn irú èyí lọ́dún yìí, inú sì ń bí mi, torí àwọn ọmọ ló ń jìyà rẹ̀.

Eyín kì í ṣàdédé hù. Inú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kóró rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó bí ọmọ pàápàá. Ebè tí a kò fi èbù sí, bó ti wù kí ẹ tu koríko orí rẹ̀ tó, kò ní ta iṣu. Bó bá jẹ́ ohun tí mo fura sí ni, ìyẹn ectodermal dysplasia, kóró ọ̀pọ̀ eyín rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rí. Àbímọ́ ni, ó ń kan irun, eyín àti ibi tí òógùn ń gbà jáde. Ọ̀dọ̀ ìyá ló sábà máa ń gbà wá, ìyá sì lè má mọ̀ rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ibi tí eyín wà ni eegun ti ń ga. Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá mi tí wọ́n ti fi òwú fa eyín méjèèjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ nílé. Mo fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. A ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò dì í mú: òkèlè iyán àkọ́kọ́ tó fi sẹ́nu, eyín bá òkèlè jáde.

Eyín ṣóńṣó ni èèkàn tí àtọwọ́dá ń so mọ́. A sì lè fi ohun funfun tí a fi ń dí eyín mọ ọ́n, kó jọ eyín gidi. Láti nǹkan bí ọdún 3 ni ọmọ ti lè lo àtọwọ́dá, a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ti ń dàgbà. Gbígbin eyín ní tiẹ̀ sábà máa ń dúró dìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá dàgbà tán, torí irin tí a ń gbìn sínú eegun kì í bá eegun dàgbà. Iwájú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa ń ṣe ṣáájú nígbà mìíràn.

Ara gbígbóná yẹn ló ń já mi láyà jù. Ọmọ tí kì í làágùn, oòrùn lè pa á. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kó má jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn; ẹ fi omi rin ẹ̀wù rẹ̀. Bí ara kò bá tutù, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà kíákíá, torí ibà lè mú òun náà.

N kò tíì wo ẹnu rẹ̀, ẹ má fi ìdáhùn yìí rọ́pò àyẹ̀wò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó ní ẹ̀ka eyín, ní Ìdó tàbí Adó, kí wọ́n ya fọ́tò inú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ (x-ray). Wọ́n lè ní kí ẹ dé Ilé-Ifẹ̀. Ẹ gbé omi tútù dání nínú ọkọ̀. Kí ẹ sì la ẹnu tiyín náà fún dókítà wò: eyín kan tí kò hù lẹ́nu ìyá máa ń tọ́ka ọ̀nà fún wa.